Orí Karùn-ún: Oríṣiríṣi Ìrẹsì Tí Aráyé Ń Gbìn

Koríko ni ìrẹsì. Ìdílé kan náà ni òun, àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké ti wá. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín wọn ni pé ó lè ki gbòǹgbò bọ inú ẹrẹ̀ tí omi bò mọ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó má sì kú, nítorí pé ihò tín-ín-rín wà nínú pòròpórò rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà láti ara ewé sọ̀ kalẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí omi bá dúró sí oko àgbàdo fún ọ̀sẹ̀ méjì, oko náà ti ṣòfò nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà kò já mọ́ nǹkan kan lójú ìrẹsì àbàtà.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìrẹsì ló fẹ́ omi bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbìn sórí òkè ní ilẹ̀ Laos, omi òjò nìkan ló ń mu. Èyí tí wọ́n ń gbìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bangladesh lè wà nínú omi tó jìn ju ìdúró ènìyàn lọ. Òmíràn ń lẹ̀ mọ́ra bí wọ́n bá sè é tán, òmíràn ń tú ká. Òmíràn funfun, òmíràn pupa, òmíràn dúdú. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni orí yìí wà fún. Àgbẹ̀ ló dá ọ̀pọ̀ jù nínú oríṣi wọ̀nyí, lórí ilẹ̀ kan pàtó, nípa ṣíṣa irúgbìn lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí omi ilẹ̀ náà, ọ̀tá oko rẹ̀ àti ìkòkò ìdáná rẹ̀ ṣe fẹ́. A ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìrẹsì Áfíríkà, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìrẹsì ní Éṣíà tí wọ́n sì ń parí rẹ̀ síbẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ àwọn baba ńlá wa kò kan irúgbìn yìí rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀yà méjì, orírun méjì

Ẹ̀yà ìrẹsì tó ń hù láyé lé ní 20, ṣùgbọ́n méjì péré ni ọmọ ènìyàn sọ di ti oko. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe àkọ́kọ́ ní Oryza sativa, ìyẹn ìrẹsì Éṣíà. Àfonífojì odò Yangtze ní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Èkejì ni Oryza glaberrima, ìrẹsì Áfíríkà. Ibi tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ó ti ṣẹ̀ ni ilẹ̀ Màlì, níbi tí Odò Ọya ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ tó sì ń kún bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Èyí tó nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Odò Ọya yìí kan náà ló ṣàn gba Jẹ́bà àti Lọ́kọ́ja kọjá. Àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà kò gba irúgbìn lọ́wọ́ ará Éṣíà kankan: ìrẹsì igbó tó ń hù létí omi wọn, èyí tí à ń pè ní Oryza barthii, ni wọ́n ń ṣà títí tó fi di ohun ọ̀gbìn.

Ojú lásán lè mọ méjèèjì yàtọ̀ nínú oko. Ṣírí ìrẹsì Áfíríkà máa ń dúró ṣánṣán, ẹ̀ka ara rẹ̀ kò pọ̀. Ti Éṣíà yọ ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, ó sì máa ń tẹ̀ ba nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá gbó. Awọ tó wà lábẹ́ èèpo ìrẹsì Áfíríkà sábà máa ń pupa. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tètè ń bo ilẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí èpò rí oòrùn. Ó ń fara da ọ̀dá, ó ń fara da ilẹ̀ tí kò lọ́ràá, àrùn mélòó kan tó ń pa ti Éṣíà kì í sì í rí i gbé ṣe. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ máa ń gbọ̀n dà sílẹ̀ kí àgbẹ̀ tó dé ìdí rẹ̀, pòròpórò rẹ̀ máa ń wó, ó sì máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀rọ. Àwọn àléébù wọ̀nyí ló jẹ́ kí ìrẹsì Éṣíà, láti ìgbà tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń kó o wá sí etíkun wa, máa gba oko lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìrẹsì Éṣíà fúnra rẹ̀ pín sí agboolé ńlá méjì. Indica fẹ́ràn ilẹ̀ olóoru, ọmọ rẹ̀ sì sábà máa ń gùn, á tín-ín-rín. Japonica fara mọ́ òtútù, ọmọ rẹ̀ kúrú, ó sì ki. Ẹ̀ka japonica kan wà tó fẹ́ ooru, tó sì ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Inú ẹ̀ka yìí ni ọ̀pọ̀ ìrẹsì orí òkè tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gbìn lónìí ti wá.

Ìdí tí ọ̀kan fi ń lẹ̀ tí èkejì fi ń tú ká

Sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú ìrẹsì, oríṣi méjì sì ni sítáàṣì náà. Èyí tí à ń pè ní amylose gùn gbọọrọ láìsí ẹ̀ka púpọ̀. Èkejì, amylopectin, kún fún ẹ̀ka. Bí amylose bá ti pọ̀ tó nínú ìrẹsì ni yóò ṣe tú ká tó lórí iná, bó bá sì tutù, yóò le. Ìrẹsì tí amylose rẹ̀ ju ìdá 25 nínú 100 lọ kì í lẹ̀ mọ́ra; èyí tí kò dé ìdá 20 máa ń rọ̀, á sì so mọ́ra díẹ̀; èyí tí amylose fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú rẹ̀ rárá yóò lẹ̀ típẹ́típẹ́.

Àwọn ará Laos àti àríwá ìlà-oòrùn Tàílándì, èyí tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń jẹ tọ̀sán-tòru. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á dà á sínú apẹ̀rẹ̀ oparun lórí ìkòkò omi tó ń hó, ooru omi náà ni yóò sì sè é. Bó bá jinná, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bù ú, tí wọ́n á yí i róbótó, tí wọ́n á fi run ọbẹ̀. Òkèlè ni. Ní Jàpáànì, wọ́n ń kó irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀ tó ti jinná sínú odó, wọ́n á sì gún un bí a ti ń gún iyán títí yóò fi kúnná; mochi ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ ọdún ni. Èyí tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ níbẹ̀ kò lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Olókìkí jù nínú rẹ̀ ni Koshihikari, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1956. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹun, nítorí náà ìrẹsì tó bá tú ká yóò dà sílẹ̀ kó tó dé ẹnu.

Ní Yúróòpù, àwọn ará Ítálì ní Arborio àti Carnaroli ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Po. Wọ́n ń rò ó lórí iná títí ara rẹ̀ yóò fi yọ́ di ọbẹ̀ tó ki, tí àárín rẹ̀ á sì le díẹ̀ síbẹ̀. Bomba ni tàwọn ará Valencia ní Sípéènì: ó ń mu omi ẹran àti omi ẹja púpọ̀ láìbẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìrẹsì gígùn tí kò fọ́ ni gbogbo ayé ń wá, kí ó wo Sẹ̀nẹ̀gà. Ibẹ̀ ni orúkọ Jọ́lọ́ọ̀fù ti wá, ìrẹsì fífọ́ ni wọ́n sì fẹ́ràn jù níbẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso, wọ́n ń kó ìrẹsì wẹ́wẹ́ láti Vietnam àti àyíká rẹ̀ wá sí Dákà lówó pọ́ọ́kú. Àwọn ìyá Sẹ̀nẹ̀gà sè é pẹ̀lú ẹja àti tòmátì, wọ́n rí i pé ó ń fa ọbẹ̀ mu dáadáa ju odidi lọ, ó sì di ohun tí wọ́n ń dìídì wá lọ́jà. Ìrẹsì tí ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ mìíràn ń kà sí ìdọ̀tí ẹ̀rọ, oúnjẹ àlejò pàtàkì ni ní Dákà.

Òórùn

Èròjà kan ló ń fún ìrẹsì olóòórùn dídùn ní òórùn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni 2-acetyl-1-pyrroline, òun náà ló sì wà nínú òórùn gúgúrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́. Ìrẹsì méjì ló fi èròjà yìí gba òkìkí jù. Ọ̀kan ni Basmati, tó ń hù nísàlẹ̀ àwọn òkè Himalaya ní Íńdíà àti Pakistan. Bó bá ń jinná, ó ń gùn sí i, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ìlọ́po méjì, kì í sì í sanra púpọ̀. Wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó tà á, torí pé èyí tó bá gbẹ dáadáa kì í lẹ̀. Èkejì ni Khao Dawk Mali 105 ti Tàílándì, tí ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí ní 1959. Ìgbà tí ọjọ́ bá ń kúrú nìkan ló ń yọ òdòdó, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni wọ́n lè kórè rẹ̀.

Ní 1997, ilé-iṣẹ́ kan ní Texas tó ń jẹ́ RiceTec gba ìwé-ẹ̀rí ìjọba Amẹ́ríkà pé òun ló ni àwọn ìrẹsì Basmati kan tí òun gbìn jáde àti àwọn àbùdá wọn. Íńdíà fi ẹ̀rí gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, nígbà tó sì fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tuntun, ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ náà sọ pé òun ló ni ni wọ́n ti wọ́gi lé. Mo rọ akẹ́kọ̀ọ́ kí ó fojú sí ẹjọ́ yìí. Àwọn àgbẹ̀ Punjab tó ṣa irúgbìn yẹn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kò kọ orúkọ wọn síbi kankan, àìkọ̀wé yìí ló sì fẹ́ sọ iṣẹ́ wọn di ti ẹlòmíràn.

Omi: àpọ̀jù rẹ̀, àìtó rẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni ìrẹsì ń gbà bá ìkún omi jà, ọ̀nà méjèèjì sì tako ara wọn. Ìrẹsì omi jíjìn, tó wà ní Bangladesh àti Cambodia, ń bá omi sá ga: bí omi bá ń kún, pòròpórò rẹ̀ lè gùn sí i ní 20 sẹ̀ńtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí orí rẹ̀ lè wà lókè omi. Èyí dára níbi tí omi bá ti máa pẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí omi ti ń dé lójijì tó sì ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìrẹsì tó bá sá ga bẹ́ẹ̀ yóò ti ná agbára rẹ̀ tán. Bí omi bá lọ, yóò wó lulẹ̀, yóò sì kú. Ìrẹsì ìbílẹ̀ kan wà láti Odisha ní Íńdíà, FR13A lorúkọ rẹ̀, tó ń ṣe òdì kejì. Bí omi bá bò ó, yóò dákẹ́ jẹ́ẹ́, kò ní dàgbà, yóò fi agbára rẹ̀ pamọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 2006, àwọn onímọ̀ rí jíìnì tó fún un ní ìwà yìí, wọ́n pè é ní Sub1A, wọ́n sì fi sínú Swarna, ìrẹsì tí àwọn àgbẹ̀ Íńdíà fẹ́ràn. Láti 2009 ni Swarna-Sub1 ti wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí odò ń yọ lẹ́nu.

Ti omi oníyọ̀, àwọn Jola tó ń gbé ní Casamance, ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà, ni olùkọ́ wa. Etí òkun, nínú igbó ẹ̀gbà, ni wọ́n ti ń gbin ìrẹsì. Wọ́n á fi ọkọ́ onígi gígùn kan tí wọ́n ń pè ní kajandu mọ odi amọ̀ yí ilẹ̀ ká kí òkun má bàa wọlé, wọ́n á sì dúró títí omi òjò yóò fi fọ iyọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀ kí àwọn obìnrin tó wá lọ́ ìrẹsì síbẹ̀. Ọwọ́ àwọn obìnrin ni irúgbìn wà. Àwọn ló mọ èyí tó fara da iyọ̀, èyí tó ń tètè gbó bí òjò bá pẹ́ dé, èyí tó dára fún ìnáwó. Nígbà tí àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ dé etíkun yìí ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n bá oko ìrẹsì níbẹ̀.

Ìrẹsì Áfíríkà kọjá òkun

Ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀dó sí South Carolina bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ìrẹsì. Ìlú wọn kì í ṣe ìlú ìrẹsì. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Senegambia àti ilẹ̀ Sàró ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti kékeré: mímọ odi amọ̀, dídarí omi wọ oko, fífi odó gún ìrẹsì, fífi atẹ fẹ́ ẹ. Ìmọ̀ yẹn wà lára ohun tó sọ àwọn ọ̀gá oko Charleston di ọlọ́rọ̀. Carolina Gold, ìrẹsì tó gba òkìkí jù níbẹ̀, ẹ̀yà Éṣíà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Áfíríkà ló gbìn ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Judith Carney kọ odidi ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2001, Black Rice. Àwọn òpìtàn kan ta kò ó, wọ́n ní ó fún ìmọ̀ àwọn ẹrú ní ipò tó ju bó ṣe yẹ lọ. Èrò tèmi ni pé kò sí ẹni tó lè ka bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Casamance àti bí wọ́n ṣe ṣe é ní Carolina kó má rí okùn tó so wọ́n pọ̀.

Ní Suriname, ẹ̀rí náà tún lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹrú tó sá kúrò lóko àwọn ará Họ́láńdì wọ inú igbó, wọ́n dá ìlú tiwọn sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn, Saramaka àti Ndyuka, sì wà níbẹ̀ títí di òní. Wọ́n ń gbin Oryza glaberrima. Ìtàn tí àwọn ìyá ń sọ fún ọmọ níbẹ̀ ni pé inú irun dídì ni àwọn ìyá ńlá wọn fi irúgbìn náà pamọ́ sí nígbà tí wọ́n ń sá lọ. Àwọn onímọ̀ yẹ jíìnì ìrẹsì yìí wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní 2016: èyí tó sún mọ́ ọn jù ni ìrẹsì tí wọ́n ń gbìn ní ìwọ̀-oòrùn Côte d'Ivoire.

Ìrẹsì kúkúrú tó yí Éṣíà padà

Ní 1960, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì àgbáyé, IRRI, sílẹ̀ ní Los Baños ní orílẹ̀-èdè Philippines. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nìyí: bí àgbẹ̀ bá fi ajílẹ̀ sí ìrẹsì gíga, ṣírí rẹ̀ á wúwo, á sì wó. Wọ́n fẹ́ Peta, ìrẹsì gíga kan láti Indonesia, mọ́ Dee-geo-woo-gen, ìrẹsì kúkúrú kan láti Taiwan. Láti inú rẹ̀ ni IR8 ti jáde ní 1966. Kò ga, kì í sì í wó. Níbi tí àgbẹ̀ ti ń rí tọ́ọ̀nù kan tàbí méjì lórí hẹ́kítà kan, IR8 lè mú márùn-ún wá, bó bá rí omi àti ajílẹ̀ tó, ó lè mú mẹ́wàá wá. Ó gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ ìyàn. Ṣùgbọ́n kò dùn, ó máa ń le bó bá tutù, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1970, àrùn kan tí kòkòrò ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í ba oko ìrẹsì jẹ́ káàkiri Éṣíà. Ó ń mú kí ìrẹsì ràrá. Àwọn onímọ̀ yẹ irúgbìn tó lé ní 6,000 wò. Ẹyọ kan péré ló ní ohun tó lè dènà àrùn náà, ìrẹsì igbó kan láti Íńdíà tó ń jẹ́ Oryza nivara, irú èyí tí àgbẹ̀ ń fà tu bí èpò. Wọ́n fà á wọ inú ìrẹsì oko, ara ohun tó sì tibẹ̀ jáde ni IR36, tí Gurdev Khush àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1976. Ká ní kò sí ẹni tó tọ́jú irúgbìn igbó yẹn pamọ́ ni, ọ̀nà ìgbàlà yìí kì bá tí sí. Ilé ìtọ́jú irúgbìn IRRI ti ní oríṣi ìrẹsì tó lé ní 130,000 lónìí.

NERICA

Àwọn onímọ̀ ti ń gbìyànjú tipẹ́ láti fẹ́ ìrẹsì Áfíríkà mọ́ ti Éṣíà, kí ọmọ wọn lè ní agídí ti Áfíríkà àti èso ti Éṣíà. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì í bímọ. Monty Jones, ọmọ ilẹ̀ Sàró tó ń ṣiṣẹ́ ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú WARDA, àjọ ìdàgbàsókè ìrẹsì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ló yanjú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Wọ́n mú CG14, ìrẹsì Áfíríkà láti Casamance, wọ́n fẹ́ ẹ mọ́ WAB56-104 ti Éṣíà. Wọ́n yọ ọlẹ̀ inú irúgbìn kó tó kú, wọ́n tọ́ ọ nínú ìgò ní yàrá ìwádìí, wọ́n sì tún fẹ́ ẹ padà mọ́ òbí Éṣíà rẹ̀ títí ó fi ń so. NERICA ni wọ́n pe ọmọ náà. Àwọn kan nínú rẹ̀ ń gbó ní nǹkan bí 90 sí 100 ọjọ́, wọ́n sì ń dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ní 2004, Jones gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé pẹ̀lú Yuan Longping ti Ṣáínà, ẹni tó lo ìrẹsì igbó kan tí akọ òdòdó rẹ̀ yàgàn, tí wọ́n rí ní Hainan ní 1970, láti ṣe ìrẹsì àdàlù tó ń so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ kan wà láàárín iṣẹ́ àwọn méjèèjì tó ṣe pàtàkì fún àgbẹ̀ tálákà: ọdọọdún ni a ní láti ra irúgbìn àdàlù ti Yuan, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ lè pa irúgbìn NERICA mọ́ láti inú ìkórè rẹ̀. Ní Nàìjíríà, NERICA 1 ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi FARO 55.

Ọ̀fàdà

Ọ̀fàdà, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló fún ìrẹsì yìí lórúkọ. Kì í ṣe irúgbìn kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ mélòó kan ni, tí àwọ̀ wọn pupa rúsúrúsú, tí wọn kò sì bó dán. Ẹ̀yà Éṣíà wà nínú wọn, irú bí OS6 tó wá láti Kóńgò. Ẹ̀yà Áfíríkà náà sì máa ń wà nínú àdàlù rẹ̀. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe láti inú èròjà Basmati. Rírẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó bọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kó kan díẹ̀, òórùn yẹn sì ni ẹni tó mọ ọbẹ̀ ayamáṣe ń wá bó bá ṣí ewé eéran.

Bíbọ̀ yìí ní èrè mìíràn. Bí a bá bọ ìrẹsì nígbà tí èèpo ṣì wà lára rẹ̀, apá kan nínú àwọn fítámì tó wà nínú awọ á wọ inú ọmọ rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ kò sì ní lè bó gbogbo rẹ̀ dànù mọ́. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní erékùṣù Java, dókítà ará Họ́láńdì kan, Christiaan Eijkman, rí i pé àwọn adìyẹ tó ń jẹ ìrẹsì bíbó funfun ń yarọ, àwọn tó ń jẹ èyí tó ní awọ kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àìsí fítámì B1 ló ń fa àrùn ọ̀hún, tó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Éṣíà. Wọ́n fún Eijkman ní Ẹ̀bùn Nobel ní 1929.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ra oríṣi ìrẹsì mẹ́ta lọ́jà, kí Ọ̀fàdà wà nínú wọn. Wọn iye kan náà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, sè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú omi tó dọ́gba. Wo èyí tó wú jù, èyí tó lẹ̀ jù, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí nígbà tó bá tutù tán. Èwo ni amylose rẹ̀ yóò pọ̀ jù? Sọ ìdí.

2. Ìkún omi tó ń pẹ́ tó oṣù mẹ́ta ń bá àgbẹ̀ kan jà; ti ẹnìkejì rẹ̀ kì í ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Irú ìrẹsì wo ni wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ bí o bá fún wọn ní òdì kejì?

3. Bi àgbẹ̀ kan ní àdúgbò rẹ, tàbí àgbàlagbà kan tó ti dáko ìrẹsì rí, nípa àwọn irúgbìn tí wọ́n ń gbìn nígbà tí wọ́n wà léwe. Kọ orúkọ wọn sílẹ̀, àwọ̀ wọn, ìgbà tí wọ́n ń gbó, ohun tí wọ́n fi ń sè, àti ẹni tí irúgbìn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.